Káńsẹ́lọ̀ iléèwé ní òun fẹ́ rí mi, kí lọmọ mi ṣe?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́ta péré lọmọ mi ọkùnrin dé sí Amẹ́ríkà níbí láti Ìbàdàn, wọ́n fi í sí tenth grade, àfi bí káńsẹ́lọ̀ ṣe fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí n wá. Àyà mi ń já látàárọ̀. Mo bi í, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá Káyọ̀dé, Maryland: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Nílé, ẹni tó ń pín wa sí sáyẹ́ǹsì àti áàtì la mọ káńsẹ́lọ̀ sí, ó parí. Níbí, òun ló ń to kíláàsì ọmọ lọ́dọọdún, òun ló ń wo kírédíìtì, ìyẹn iye máàkì kíláàsì tọ́mọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè jáde, bóyá ó pé, tó bá sì di twelfth grade, ọdún tí wọ́n ń parí sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà ló ń fi transcript, ìwé tó kó gbogbo èsì ọmọ jọ, ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ẹ kó gbogbo èsì JSS àti SS1 ẹ̀ dání o! Tèmi, a ò mú nǹkan kan wá, ni wọ́n bá fọmọ sí kíláàsì ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Algebra 1 tó ti ṣe tán nílé, odidi ọdún kan ló fi ń ka ohun tó ti mọ̀, èmi ò sì mọ̀ pé mo lè lọ bi wọ́n.

Àǹtí Bùnmi, Chicago: Tówó tó ń wọlé bá kéré, ẹ bi wọ́n nípa fee waiver, ìyẹn ìwé tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó ìdánwò, káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣe é tọ́mọ á fi ṣe SAT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tọ́mọ bá bá a sọ, kì í sábà tú u síta o, àmọ́ tọ́mọ bá ní wọ́n lu òun nílé tó lápá, òfin ní dandan ni kó fi tó ìjọba létí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fa bẹ́líìtì yọ, mi ò dárúkọ ẹnì kankan.

Bàbá Káyọ̀dé: 😂😂 Àǹtí, ó ti tó.

Ìyá Ìbejì: Mo ti dé o. Kò ṣe nǹkan kan lóòótọ́. Wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun lọ́sàn-án, láìbúrẹ́rì ló máa ń jókòó sí, òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun pọ̀. Ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí níwájú obìnrin káńsẹ́lọ̀ yẹn. Ó bi í ní kí ló fẹ́ràn, ó ní bọ́ọ̀lù, ló bá mú un lọ bá kóòṣì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kó tó lè gbá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, níbo ni wọ́n ti ń ta bàtà bọ́ọ̀lù tí ò wọ́n?