Cape Town: báwo la ṣe lè rí pẹngúìnì, ká sì tọ́ wáìnì wò lọ́jọ́ kan náà, láìwa ọkọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Cape Town dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Èmi àti màmá mi ń lọ síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi Robben Island. Table Mountain di ọjọ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, torí ọkọ̀ orí wáyà kì í ṣiṣẹ́ tí atẹ́gùn bá le. Ọjọ́ tó kù ló ń dà mí láàmú.

Pẹngúìnì etíkun Boulders ni màmá fẹ́ rí. Èmi fẹ́ dé Groot Constantia, oko àjàrà tó ti wà láti 1685, ká sì yà sí Klein Constantia nítòsí, ká tọ́ Vin de Constance wò. Wáìnì aládùn ni, irú èyí tí màmá lè mu.

Mi ò ní wakọ̀. Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, mi ò sì lè mu wáìnì tán kí n tún gbé ìyá mi sọ́kọ̀. Bọ́ọ̀sì pupa àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Constantia kò dé Boulders. Rélùwéè Simon's Town, ìlú tí Boulders wà, kò gba Constantia kọjá. Àwọn aṣètò ìrìn-àjò tí mo kọ̀wé sí, Stellenbosch, ìlú oko àjàrà míì, ni wọ́n ń dárúkọ ṣáá, ọ̀nà ibòmíràn pátápátá.

Tá a bá gba takisí láti Constantia dé Boulders, ṣé a máa rí èyí tó máa gbé wa padà nírọ̀lẹ́, àbí kí n háyà awakọ̀ fún odindi ọjọ́? Èwo ló sì yẹ ká kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí màmá ò lè fara da oòrùn ọ̀sán?