Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtàn àròsọ tí mò ń kọ lórí bọ́ǹbù Nyanya

Olùbéèrè, Karu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí bọ́ǹbù tó bú gbàmù ní ibùdókọ̀ Nyanya, lẹ́bàá Abuja, láàárọ̀ Mọ́ńdè, 14 oṣù Kẹrin 2014. Ìyá alákàrà kan ni mo fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nídìí bọ́ọ̀sì El-Rufai, bọ́ọ̀sì ńlá akérò Abuja, lọ́jọ́ náà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ìyá ò din àkàrà mọ́, àmọ́ alaalẹ́ ló ṣì ń rẹ ẹ̀wà sómi. Tílẹ̀ bá mọ́, á dà á nù.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi kà á ní àfi kí n ṣàpèjúwe ìbúgbàmù yẹn tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Ọwọ́ mi ò gbé e. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tọ́ràn kàn ṣì wà ládùúgbò wa. Bí ẹnì kan bá kà á, tó ní òkú ọmọ òun ni mo fi ń wá owó ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Àbúrò mi, má dá ọ̀rẹ́ ẹ lóhùn. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìró bọ́ǹbù ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́kàn mi mọ́. Obìnrin kan tó já wọ iwájú mi lórí ìlà ni mo rántí. Mo bú u dáadáa. Òun ló rí àyè wọ bọ́ọ̀sì, èmi ò rí. Dòní olónìí, bí ẹnì kan bá já wọ iwájú mi ní báǹkì, n kì í lè lanu. Irú ìyẹn ni kí o kọ.

Bọ̀dé, Lugbe
Èmi ò fara mọ́ ọn o, mà. Ẹ ò lè fo bọ́ǹbù nínú ìtàn bọ́ǹbù. Ojú ìwé kan péré, kẹ́ ẹ kọjá.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Minna
Ẹ wo ohun tí àṣà wa ti gbé lé yín lọ́wọ́. Ọ̀fọ̀ lèyí, òbí kì í sì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ènìyàn tó lé ní 70 ló kú ní Nyanya, iná sì jó àwọn kan kọjá dídámọ̀. Ìyá alákàrà yìí ò mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Ṣé torí àṣà ni wọn ò ṣe fi ibẹ̀ hàn án ni, àbí kò tiẹ̀ sí òkú tí wọ́n rí sin? Ẹ má jẹ́ kí òun náà mọ èwo ni.

Ẹ má sì tò ó tẹ̀léra. Ẹni tírú nǹkan báyìí bá bá kì í rò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún náà, bọ́ǹbù mìíràn tún dún nítòsí ibẹ̀. Nínú ìrántí ìyá yìí, méjèèjì lè di ẹyọ kan.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí: alẹ́ ọjọ́ Nyanya kan náà ni Boko Haram jí ọmọbìnrin 276 kó nílé ìwé ní Chibok. Lọ́dọọdún, ìyá á gbọ́ ọjọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí rédíò, ìlú mìíràn ni wọ́n á máa dárò. Kò sì ní lè bínú, torí ọmọ ọlọ́mọ làwọn náà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ará àdúgbò, Adaobi Tricia Nwaubani fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọbìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram lẹ́nu wò kó tó kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti 2018. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi gbé ìrírí gbogbo wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kó má di ìtàn ẹnì kan.

Olùbéèrè, Karu
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè lo ọ̀rọ̀ obìnrin orí ìlà yẹn?

Ìyá Ìbejì, Mararaba
Lò ó. Ṣùgbọ́n má dárúkọ Mararaba, sọ pé Jikwoyi ni mò ń gbé. Kí o sì fi hàn mí kí o tó gbé e jáde.