Láti Èkó dé Elmina: ṣé kí n dá lọ, àbí kí n bá àwọn amọ̀nà lọ?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ gba ojú títì láti Èkó lọ sí Ghana, báàgì kan ṣoṣo lẹ́yìn mi: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, Ganvié tó wà lórí omi, ààfin Àgbómẹ̀, Ouidah, Lomé, títí dé ilé odi Elmina tí àwọn Pọtogí kọ́ ní 1482. Àwọn amọ̀nà kan ní àwọn á kó wa lọ, àwọn á kó wa bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò yà sí Àgbómẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì lọkàn mi wà. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, n ò sì gbọ́ Faransé. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti dá rìn ín, ẹ jọ̀ọ́, ṣé amọ̀nà ìlú kọ̀ọ̀kan tó? Níbo lẹ ti ṣẹ́ náírà sí sẹfà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo?