Ìpara Efudix ti sọ iwájú orí màmá tí mò ń tọ́jú di egbò, ẹ gbà mí o

Ìyá Dára, Leeds
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá òyìnbó kan wà tí mò ń lọ tọ́jú nílé rẹ̀. Oòrùn ti ba awọ iwájú orí rẹ̀ jẹ́, dókítà wá fún un ní Efudix kí n máa bá a fi pa á. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ní báyìí gbogbo ibẹ̀ ti pọ́n, ó ń bó, ibì kan sì ti ń ṣomi. Màmá ní ó ń ta òun bí ẹni fi ata sí i. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ṣé kí n dá a dúró? Mo ní òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ṣakí, ṣé kí n fi díẹ̀ ra á?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Birmingham
Ìyá Dára, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé òrí yẹn sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ tí oògùn náà wá ṣe gan-an lẹ rí yẹn. Fluorouracil 5% ló wà nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí oòrùn ti bà jẹ́ ló ń pa, kì í fi bẹ́ẹ̀ da awọ tó dáa láàmú. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ojú wa ò rí ìbàjẹ́ tẹ́lẹ̀ náà fi lè pọ́n lójijì. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó lè má ju kó pọ́n díẹ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: á bó, á sé èépá, á máa ta. Tí wọ́n bá dá a dúró tán, ó tún tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó jinná. Irú ìbàjẹ́ oòrùn yìí kì í sábà ṣe àwa aláwọ̀ dúdú, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́kọ́ rí i, àyà á sì já.

Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ pe GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, tàbí fámásì, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ rí. Wọ́n lè ní kó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì lè kọ ìpara mìíràn tí yóò rọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ló ti gbọ́dọ̀ jáde. Kí ẹ tún kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, aago, bí awọ ṣe rí, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ìwé yẹn ló máa gbèjà yín tí ọmọ màmá bá dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìyá Dára, Leeds
Háà, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú! Òrí ńkọ́, kò dáa rárá ni?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Birmingham
Òrí ò burú. Orí egbò tí oògùn ṣì wà lójú ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó dé. Ẹ béèrè bóyá Vaseline lásán tí kò ní lọ́fíńdà lè wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́, ẹ fi táwẹ̀lì rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má nù ún, ẹ má ṣí èépá. Dettol, ọṣẹ dúdú, Aboniki: ẹ jọ̀ọ́, rárá! Tí màmá bá ń mu sìgá, ẹ kíyè sára: aṣọ ìrọ̀rí tí Vaseline ti gbẹ sí lára máa ń yára gbaná.

Lánre, Houston
Àfín ni mí, mo ti lo oògùn yìí sí etí àti àtàrí. Efudex ni wọ́n ń pè é níbí. Ìwọ̀n èso ẹ̀wà kan tó láti fi pa iwájú orí. Ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ jìnnà sí ojú, ihò imú àti ètè. Mo máa ń jẹ́ kó gbẹ kí n tó fi orí lé ìrọ̀rí. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù ló ń bá mi pa títa náà. Oòrùn ni kẹ́ ẹ sá fún jù, ó máa ń mú kó le sí i: fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ yíká, ẹ jókòó sábẹ́ òjìji. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò àfín nílé, fìlà àti sunscreen SPF 30 sókè ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìpara yìí. Ẹni tí dókítà ò bá yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Tòyìn, Manchester
Ẹ jọ̀ọ́, mo lóyún, iṣẹ́ ìtọ́jú yìí kan náà ni mò ń ṣe. Ṣé mo lè bá èèyàn pa á?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Birmingham
Rárá o, àbúrò mi. Sọ fún máníjà kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó máa pa á gan-an gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn náà. Ìyá Dára, tí ojú màmá bá wú, tí ọyún jáde, tí ibà dé, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá bó tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má fi pa á mọ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìlera níbí, lójú ẹsẹ̀. Ara àwọn kan ò lè da oògùn náà nù bó ṣe yẹ.

Lánre, Houston
Ṣé màmá ní ajá? Tó bá lá oògùn yẹn, ó lè kú.

Ìyá Dára, Leeds
Yéè! Ajá wà, ojú màmá ló sì máa ń lá láàárọ̀. Mo ti ń pe ọmọ rẹ̀ báyìí kó wá gbé e lọ títí a ó fi parí. Túùbù náà ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.