Morzine ni àbí Val Thorens?
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Láti London, a fẹ́ kó ọmọ méjì (ọdún 6 àti 9) lọ kọ́ síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín) ní òkè Alps ti Faransé nínú oṣù Kejì. Nínú ìlú síkì méjì tí a ń wò, Morzine sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú Geneva, ṣùgbọ́n bíi mítà 1,000 péré ló ga. Ẹ̀rù ń bà mí kí yìnyín má lọ yọ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Val Thorens ga tó mítà 2,300, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn, àbúrò nínú àwọn ọmọ yìí a sì máa bì nínú ọkọ̀. Mo bi àwọn ará ibiṣẹ́ mi, “ibi gbogbo ló dáa” ni wọ́n ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ lọ rí, ṣé yìnyín máa ń tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ní Morzine lóṣù Kejì?