Ṣé kí n kọ̀wé yọ ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wa?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Odógúnyán ni mo ti ń jẹun. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe kásúà lábẹ́ kọntirákítọ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ jáde, mo rí i pé wọ́n ti yọ ₦1,500 níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò buwọ́ lu ìwé kankan.

Kì í ṣe owó náà ló ń dùn mí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù mi dì í lọ́wọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí a fi dé ilé ìwòsàn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tọ alága ẹgbẹ́ lọ; ó ní ọmọ kọntirákítọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kọntirákítọ̀ náà fún un ní owó oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ní kó máa lọ sílé. Alága yìí kan náà ni wọ́n wá ń yọ owó mi fún báyìí. Ìyàwó mi ní kí n kọ̀wé kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá kúrò, ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé bá mi, èmi nìkan ni n ó gbé e. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Télọ̀: Ẹ kọ̀wé kúrò lónìí. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ nínú owó yẹn.

Bàbá Ìgbógbó: Ọmọ mi, má kánjú. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni, ó sì wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, nígbà tí ogun Hitler ti sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, tí ìjọba àwọn òyìnbó kò sì fi kún owó wọn. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà síṣẹ́, orúkọ Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kò sì kúrò lẹ́nu bàbá mi títí tó fi kú.

Ohun tí èmi fi ojú ara mi rí kò tó ìyẹn. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún. Súpáfáísọ̀ kan lé ọmọkùnrin kan nínú wa nítorí pé ó tòògbé lórí ìjókòó ní aago mẹ́rin òru. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán, gbé ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ jọ buwọ́ lù lọ bá máníjà, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìwé ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ òkèèrè gba ọjà lọ́wọ́ wa, tí owó díísù sì ń lé sí i, kò sí ẹgbẹ́ tó lè ní kí ilé iṣẹ́ náà má kógbá sílé. Owó ìdágbére ni wọ́n lè bá wa jà fún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì pín in san.

Ìyá Ìbejì: Èmi ni mo ń ṣe ìwé owó oṣù ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Lóṣooṣù ni mo ń fi owó ẹgbẹ́ ránṣẹ́, n kò sì tíì gbọ́ kí òṣìṣẹ́ kan béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ béèrè ìwé ìnáwó kí ẹ tó kúrò.

Bọ̀dá Télọ̀, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ kò tán síbẹ̀. NLC àti TUC, àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ló da iṣẹ́ rú ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2024, kí owó oṣù tó kéré jù lọ tó kúrò ní ₦30,000 tó sì di ₦70,000 ní oṣù Keje. Síbẹ̀, òfin owó oṣù náà kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìyanṣẹ́lódì pàápàá ní ìwọ̀n: àwọn olùkọ́ yunifásítì fi oṣù mẹ́jọ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, ìjọba sì di owó oṣù wọn mú. Ta ló lè fara da ọ̀sẹ̀ méjì nínú wa ní Odógúnyán?

Agbẹjọ́rò láti Ìjẹ̀dé: Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ní 2005, kò sí ẹni tí wọ́n lè fi ipá mú wọ ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ ìpele kékeré ni òfin ń kà sí ọmọ ẹgbẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kọ̀wé pé òun kò ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yọ owó yín láìjẹ́ pé ẹ buwọ́ lùwé. Ẹ lè kúrò nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì yọ kásúà sílẹ̀. Alága yín kò fẹ́ wàhálà ni.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìka rẹ̀ gé ló jẹ mí lógún jù. Òfin 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF, láìyọ ọ́ lára owó wọn, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un láti fi ìwé béèrè. Ẹ ní oṣù mẹ́wàá ti lọ?

Olùbéèrè: Ẹ ṣé púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù mẹ́wàá ti lọ. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ọ̀rẹ́ mi náà ní àná. Ọjà Sábó ló wà, ó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí, ọwọ́ òsì ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Káàdì ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jáde iṣẹ́ òru ní ọjọ́ Ajé, a ó jọ lọ. N kò tíì kọ ìwé ìkúrò yẹn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní òpin oṣù, mo sì fẹ́ dìde níbẹ̀ béèrè ìwé ìnáwó àti ìdí tí orúkọ kásúà kankan kò fi sí nínú ìwé wọn. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé káàdì yẹn nìkan tó, àbí a nílò ẹlẹ́rìí? Èmi wà, mo sì mọ ibi tí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ náà máa ń dúró sí.