Ewé Akíntọ́lá: báwo ló ṣe dé erékùṣù àárín òkun, ṣé ohun tí wọ́n fi kápá rẹ̀ lọ́hùn-ún lè ṣiṣẹ́ ní Kwara?

OlókoÒmùÀrán:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin onímọ̀ ewéko. Ìgbòrò éékà méjì kan wà lẹ́yìn Òmù-Àrán, ó ti sinmi fún ọdún mẹ́ta, ewé Akíntọ́lá ti bo gbogbo rẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Wọ́n dáná sun ún nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rú padà bí ẹni tí wọ́n da ajílẹ̀ sí nídìí. Ẹ̀gẹ́ ló yẹ kó wọ ilẹ̀ náà.

Mo wá kà á pé ewé kan náà yìí wà ní Guam àti Palau, erékùṣù tó dá wà láàárín Òkun Pàsífíìkì, àti pé kòkòrò ni wọ́n fi kápá rẹ̀ níbẹ̀. Koríko ò kúkú mọ omi í wẹ̀, báwo ló ṣe débẹ̀? Ṣé a lè rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lò lọ́dọ̀ wa? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni kí n ṣe kí ẹ̀gẹ́ tó wọlẹ̀?

EwékoÌlọrin:

Ẹ kú ìbéèrè. Ká tó dé orí òkun, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé ewé kan náà là ń sọ, torí àwọn kan máa ń ṣi jogbo pè ní Akíntọ́lá. Òdòdó jogbo fẹ̀, ó ní àwọ̀ yẹ́lò. Ti Akíntọ́lá kéré, ó máa ń so ní ìdì-ìdì, ó funfun tó fẹ́ jọ àlùkò. Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n kọjú síra lára ọ̀pá. Ẹ já ọ̀kan kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: iṣan mẹ́ta ló yà láti ìdí ewé bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á le bíi ti ohun tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà. Imí-eṣú náà ní òórùn, àmọ́ kì í ga tó o. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni *Chromolaena odorata*; nínú ìwé àtijọ́, *Eupatorium odoratum* lẹ máa rí.

Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀ gan-an: láti Florida àti Texas, gba Mexico àti àwọn erékùṣù Karíbíánì, títí dé àríwá Argentina. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ìdajì, ó ti wà nínú ọgbà ewéko Calcutta ní Íńdíà gẹ́gẹ́ bí òdòdó ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló ti bọ́ síta, ó tàn dé Sri Lanka, Malaysia, Indonesia àti Philippines. Tiwa bá hóró igi gmelina wọlé láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937, wọ́n sì rí i lẹ́bàá Enugu ní 1942. Ẹ ò rí i pé láti erékùṣù ni tiwa náà ti wá! Orúkọ tí Yorùbá fún un, Akíntọ́lá-taku, inú ìjà òṣèlú 1962 ló ti jáde, nígbà tí wọ́n ní kí Akíntọ́lá kúrò nípò tó ní òun ò lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1960 ló dé Guam. Lẹ́yìn náà ni ti Northern Mariana, Palau, Yap, Chuuk, Pohnpei àti Kosrae. Ó wà ní Papua New Guinea àti Timor pẹ̀lú. Hawaii pẹ́ kó tó kàn: 2011 ni wọ́n tó rí i ní erékùṣù Oahu, nínú pápá tí àwọn sójà ti ń kọ́ṣẹ́ ní Kahuku.

Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wà nínú pápá àwọn sójà yẹn. Hóró Akíntọ́lá kò ju mílímítà 4 sí 5 lọ ní gígùn, ó ní irun funfun lórí tí atẹ́gùn fi ń gbé e. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gbé púpọ̀ nínú wọn jìnnà sí ìyá wọn, ká má tíì sọ pé kó gbé wọn sọdá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà omi. Ohun tó ń gbé e sọdá ni pé ara hóró náà ní ẹ̀gún wínníwínní tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, okùn bàtà àti irun ẹran. Ó tún ń bá ẹrẹ̀ lọ lára táyà àti katakata, ó ń bá yanrìn ìkọ́lé àti hóró ohun ọ̀gbìn tí wọn ò fẹ́ dáadáa lọ. Ọkọ̀ ojú omi àti bàálù ló kù tó ń ṣe é. Nítorí náà, tó bá dé erékùṣù kan, etí ọ̀nà àti ibi tí katakata ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ẹ tún wo èyí. Trinidad àti Jamaica náà jẹ́ erékùṣù, ewé yìí sì kún ibẹ̀, síbẹ̀ kò da oko rú níbẹ̀ bó ṣe dà á rú ní Guam. Ìdí ni pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Nígbà tó rìnrìn àjò, kò kó àwọn ọ̀tá rẹ̀ dání.

KòkòròÀtiOko:

Ẹ ṣeun, Ewéko. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ mú un. Kòkòrò méjì ló ṣe pàtàkì.

Èkíní ni àfòpiná kan tí wọ́n ń pè ní *Pareuchaetes pseudoinsulata*. Ọmọ rẹ̀ onírun ló ń jẹ ewé, bí kànní ṣe ń jẹ ewé emi. Alẹ́ ló ń jẹun. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á lọ sá sábẹ́ ewé gbígbẹ. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Guam ní 1985, ó fìdí múlẹ̀, ó sì jẹ ewé run lórí ilẹ̀ tó pọ̀. Àmọ́ ewé tí wọ́n bá ti jẹ lára rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irú ewé bẹ́ẹ̀ kì í sì í bá ọmọ kòkòrò náà lára mu mọ́. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó jẹ igi náà kú pátápátá.

Èkejì ni eṣinṣin kan láti Colombia, *Cecidochares connexa*. Ó ń yé ẹyin sí ṣóńṣó ọ̀pá tó ṣì tutù. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú ọ̀pá, ibẹ̀ á wú di kókó. Oúnjẹ tó yẹ kó lọ sí òdòdó, kókó ni yóò gbà á, igi náà á máa rù, hóró rẹ̀ á dín kù. Láti ẹyin di eṣinṣin tó nǹkan bí oṣù méjì. Indonesia ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, ní 1995. Papua New Guinea tẹ̀ lé e ní 2001, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ní tèmi, òun ló dára jù nínú àwọn méjèèjì, torí pé inú ọ̀pá ló ń gbé: èèrà ò rí i jẹ bó ṣe ń rí ẹyin àfòpiná jẹ.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ ní Kwara? Wọ́n tú àfòpiná yẹn sílẹ̀ ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1970, kò fìdí múlẹ̀. Ní Ghana, nínú àwọn ọdún 1990, ó fìdí múlẹ̀. Ìṣòro tiwa ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù yẹn, òjò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá, ewé tútù wà yíká ọdún. Lọ́dọ̀ wa, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ewé á gbẹ, iná á sì gba oko kọjá. Iná tó bá jó ọ̀pá, ọmọ kòkòrò inú rẹ̀ ti jóná nìyẹn. Ẹ má sì dán an wò láti kó kòkòrò láti ìlú mìíràn wá fúnra yín. Iṣẹ́ ilé ìwádìí ni, àṣẹ àjọ tó ń bójú tó ohun ọ̀gbìn tó ń wọ orílẹ̀-èdè, NAQS, sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀Ọ̀ffà:

Àdá, ọkọ́ àti àkókò ló kù fún wa nígbà náà. Bàbá Olóko, ẹ gbọ́ ìdí tí iná ò fi ṣiṣẹ́. Ìdí igi náà le, ó wú, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ilẹ̀. Iná ń jó ọ̀pá òkè nìkan. Tí òjò bá kan ìdí yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tuntun á yọ níbi tí ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni kí ẹ bẹ́ ẹ lulẹ̀, kí òdòdó tó yọ. Igi ńlá kan lè so hóró tó ju 80,000 lọ. Ẹni tó bá bẹ́ ẹ lóṣù kìíní ń bá ọyẹ́ fún irúgbìn ni, torí hóró á máa fò kúrò lára ọ̀pá tó ti wó.

Tí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fi ọwọ́ fa àwọn kéékèèké tu. Èyí tó ti di kùkùté, ẹ fi dígà gé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó kéré tán íǹṣì mẹ́ta. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò, kí ẹ dojú rẹ̀ dé lórí igi gbígbẹ tàbí òkúta. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ tútù, á tún ta gbòǹgbò.

Tó bá jẹ́ oògùn apakoríko lẹ fẹ́, glyphosate 360 (gíráàmù 360 nínú lítà kan) ni, mílílítà 150 sínú omi lítà 15, ẹ sì ka ara ìgò yẹ̀ wò. Ẹ má fín in sí igi gíga tó ti le. Ẹ bẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó rú tó orókún pẹ̀lú ewé tútù, kí ẹ tó fín in, torí ewé ló máa gbé oògùn lọ sí ìdí. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ń pa agbára oògùn yẹn, ewé tí eruku ọyẹ́ bò náà kì í gbà á dáadáa. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ebè. Paraquat ń jó ewé lásán, kì í dé ìdí, NAFDAC sì ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024. Bí ẹ bá fín 2,4-D tí atẹ́gùn gbé e dé oko ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, ìjà dé.

Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, kí ẹ fi ẹ̀gúsí sáàárín kó tètè bo ilẹ̀. Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ tún un ro ní ìkẹjọ àti ìkejìlá. Tí ewé ẹ̀gẹ́ bá ti pàdé lókè, Akíntọ́lá ò ní lágbára mọ́, kò fẹ́ràn òjìji. Hóró rẹ̀ nílò ìmọ́lẹ̀ láti hù. Bí ẹ bá ti fi katakata rì í mọ́lẹ̀, ẹ má tún ilẹ̀ yẹn yí jinlẹ̀ lọ́dún kejì, kí ẹ má baà gbé e padà sókè. Katakata tí ẹ bá háyà, kí wọ́n gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ sójú títì kó tó wọ oko yín.

ÌgbómìnàLóko:

Mo fẹ́ fi kan kún un. Kì í ṣe gbogbo ìgbòrò ló yẹ ká ti bá a jà. Níbi tí èkan ti gba ilẹ̀, Akíntọ́lá ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí èkan fi kú, ewé rẹ̀ tó ń jábọ́ sì ń mú ilẹ̀ dára. Ilẹ̀ tó ṣì máa sinmi ọdún méjì sí i, ẹ gé etí rẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí mẹ́rin yíká ṣáájú òdòdó, kí ẹ fi àárín sílẹ̀. Ẹ má ṣe da màlúù sínú ẹ̀ka rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú o, èròjà nitrate inú rẹ̀ lè pa ẹran.

OlókoÒmùÀrán:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Tata pọ̀ nínú igbó yìí lẹ́ẹ̀rùn, ṣé ọ̀rọ̀ wọn kan ara wọn?

KòkòròÀtiOko:

Ó kan ara wọn. Òdòdó Akíntọ́lá ní èròjà kíkorò tí tata ń wá kiri. Ó ń jẹ ẹ́ kí àwọn ọ̀tá rẹ̀ má baà lè jẹ òun. Lẹ́yìn náà ló máa kọjá sínú ẹ̀gẹ́ yín. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń yé ẹyin sínú ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ igbó, ọ̀pọ̀ wọn lójú kan. Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń rọ́ jọ lóṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ fi ẹ̀ká sàmì síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹ fi ọkọ́ yí ilẹ̀ ibẹ̀ síta, kí oòrùn àti adìẹ parí iṣẹ́.